Pọ́mpù Inú Fìlà

Ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, ní ìlú Pobè, ọkùnrin kan gbé ṣíbí sókè nínú ìkòkò ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀, ó sì fi ṣíbí náà ba ayé obìnrin kan jẹ́.

Fálúyì ni orúkọ ọkùnrin náà. Ewé àti egbò ló ń tà ní ọjà Sakété. Obìnrin náà ń jẹ́ Jádesọ́lá, ìyàwó Raphaël àgbẹ̀. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan, Hermann, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní ásìmù. Bí ó bá ti dé sí ọmọ náà, àyà rẹ̀ á máa súfèé, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀ bí ti ẹja tí wọ́n jù sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ní lopitáà, wọ́n fún un ní pọ́mpù kékeré kan tí a máa ń fà sẹ́nu. Ṣùgbọ́n Jádesọ́lá gbọ́ pé irú àìsàn yìí ti ṣe Fálúyì láti kékeré, pé ewé ló fi wo ara rẹ̀ sàn pátápátá. Ó gbé ọmọ lọ bá a. Fálúyì se àgbo fún un, ó sì kìlọ̀:

"Àgbo mi àti pọ́mpù òyìnbó kì í gbé inú ara kan. Lọ sọ ọ́ nù. Èèwọ̀ àgbo yìí ni ilá. Ọjọ́ tí ilá bá kan ẹnu ọmọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má bi mí o."

Ó mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó mú ilá. Ta ni kì í jẹ ilá ní Pobè? Ilé wo ni ọjọ́ mẹ́ta á kọjá tí ilá ò ní wọ inú ìkòkò? Àwọn kan lára àwọn tó ń ta oògùn mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Bí oògùn bá jẹ́, ògo olóògùn ni. Bí kò bá jẹ́, aláìsàn ló jẹ èèwọ̀.

Jádesọ́lá ju pọ́mpù náà sí ṣáláńgá. Ní ọjọ́ kọkànlá, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, Hermann kú sí i lọ́wọ́.

Àwọn ènìyàn pé jọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí Fálúyì, ó sì dé kí oòrùn tó ga. Kò wo ojú òkú. Ilé ìdáná ló kọ́kọ́ wọ̀. Ìyá Raphaël ti se ọbẹ̀ ilá kalẹ̀ ní àná fún àwọn tó ń bá wọn ro oko. Fálúyì gbé ṣíbí inú rẹ̀ sókè lójú gbogbo ènìyàn, ilá sì fà wálẹ̀ bí okùn.

"Ẹ wá wo ohun tó pa ọmọ," ni ó wí.

Ṣíbí yẹn náà ni Jádesọ́lá máa ń fi bu àgbo fún ọmọ rẹ̀. Ó ké pé òun ti fọ̀ ọ́. Ta ló fẹ́ gbọ́? Kí ọdún náà tó parí, Raphaël lé e padà sí ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọdé àdúgbò sì sọ ọ́ ní Ìyá Olílá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bí Fálúyì ti gbé ṣíbí sókè, pọ́mpù wà nínú fìlà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà kò fi ewé wo ara rẹ̀ sàn rí. Orógbó, oyin, àtalẹ̀, omi gbígbóná tí a fi aṣọ borí fà sí imú, gbogbo wọn ló ń lò, wọ́n sì ń tu ọ̀fun rẹ̀ lára díẹ̀. Ewé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́run ló dá ewé. Àmọ́ nígbà tí àyà bá dì pinpin, kì í ṣe orógbó ni Fálúyì ń wá. Ó ń lọ ra pọ́mpù ní Àjàṣẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sí abẹ́ fìlà.

Bí ìmí bá há mọ́ ọn ní ìsọ̀, á kọ ẹ̀yìn sí àwọn oníbàárà, á ṣí fìlà, á fi bo imú àti ẹnu, á sì fà á léraléra. Àwọn ènìyàn á máa fọwọ́ tọ́ ara wọn pé:

"Ẹ dákẹ́, Bàbá ń bá ewé sọ̀rọ̀."

Bí ó ṣe di olókìkí nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sún mọ́ òtítọ́. Basile gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí àwọn méjèèjì jọ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ ìwé dáadáa. Basile ló kan pósí kékeré fún Hermann. Bí ó ti ń fá pákó, ó gbójú sókè, ó ní:

"Fálúyì, láti ìgbà tí mo ti ní eyín ni mo ti ń jẹ ilá. N kò tíì rí ẹni tí ilá pa."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Fálúyì kò kí Basile mọ́. Bí wọ́n bá pàdé níbi ìsìnkú, tí Basile jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, Fálúyì á gbé àga rẹ̀ lọ sọ́wọ́ òsì. Basile kí i títí, ó sú u, ó sì dákẹ́. Ọdún mẹ́tàlélógún.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ti Fálúyì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò gbàgbé rárá. Ó kórìíra Jádesọ́lá ju ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ lọ, nítorí ẹni tí a ṣẹ̀ tí a kò bẹ̀, ojú rẹ̀ a máa gún ni bí ẹ̀gún. Nígbà tí obìnrin náà rán àgbàlagbà kan sí i pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun mú ẹ̀gàn yìí kúrò, inú bí i. Ó ní, "Ó tún láyà láti ránṣẹ́!" Láti ìgbà náà, bí ó bá lọ sí Pobè, ó ń gba ẹ̀yìn ọgbà ọ̀pẹ kó má baà kọjá ní ojúlé rẹ̀.

Ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn jìn. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa lọ sí Àjàṣẹ́ bí olè. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa wo ẹ̀yìn kó tó mí. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, kò sì sí ẹnì kan láyé tí òun lè mí dáadáa níwájú rẹ̀.

Fálúyì ní ọmọbìnrin kan, Victorine, tó ń gbé Pobè. Victorine bí Aurore, ọmọ ọdún méje. Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, nígbà tí eruku bo gbogbo ewé, àyà Aurore bẹ̀rẹ̀ sí súfèé. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí lopitáà, nọ́ọ̀sì sì gbé pọ́mpù kan fún un. Victorine dá a padà.

"Ẹ ṣeun, Madámù," ni ó wí. "Ọmọ Fálúyì ti Sakété ni mí. A kì í lo ìyẹn nílé wa."

Ó fi ṣe àwàdà nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà. Pọ́mpù wà lórí rẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Dípò kó sọ̀rọ̀, ó se àgbo fún Aurore, ó sì ní, "Kó má jẹ ilá o."

Ní ọjọ́ ọjà kan, Victorine wá ra nǹkan ní Sakété, ó mú Aurore dání, ó sì fi í ti bàbá rẹ̀ ní ìsọ̀. Oòrùn ti mú. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń gbọn àpò ata gbígbẹ. Ata gba afẹ́fẹ́. Aurore wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wú u lẹ́ẹ̀mejì, kò sì lè dúró mọ́.

Fálúyì bu àgbo sí i lẹ́nu. Ó ṣàn jáde. Ó fi òróró pa á láyà. Ọrùn ọmọ náà ń jìn wọ inú, ètè rẹ̀ sì ń dúdú bí aró. Wọ́n sáré pe Victorine. Àwọn ènìyàn ti yí wọn ká.

"Victorine, kì í ṣe pé o fún un nílá?" ni obìnrin tó ń ta ọṣẹ béèrè.

"Ilá ni!" ni ẹlòmíràn wí. "Ẹ ò rántí ọmọ Ìyá Olílá ní Pobè? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ náà ló ṣe."

Victorine ṣubú lórí orúnkún rẹ̀ nínú eruku.

"Mo fi Ọlọ́run búra, kò jẹ ẹ́! Bàbá, ẹ sọ fún wọn! N kò fún un!"

Ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀. Fálúyì ti rí ojú yẹn rí. Ojú Jádesọ́lá ni, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó fi ẹnu ara rẹ̀ gbìn ti hù, ó ti so, ó sì ti wá já bọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí.

Ó ṣí fìlà rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi bo ojú. Ó yọ pọ́mpù, ó mì í, ó kì í bọ ẹnu Aurore.

"Fà á, ọmọ mi. Fà á sínú. Dì í mú díẹ̀. Tún fà á."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọ náà fa ìmí kan tó gùn, ó sì bú sẹ́kún. Fálúyì ní, "Ẹ wá mọ́tò. Kò tíì bọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí lopitáà."

Ní lopitáà, wọ́n fún ọmọ ní afẹ́fẹ́, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀. Dókítà mú pọ́mpù náà lọ́wọ́, ó bi wọ́n ta ló ni ín.

"Èmi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún."

Victorine wà níbẹ̀. Kò pariwo. Ìbá sàn fún Fálúyì bí ó bá pariwo.

"Bàbá, ó wà lórí yín ní ọjọ́ tí mo sọ fún yín pé mo dá ti ọmọ mi padà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ó wà lórí yín ní ọjọ́ ọmọ Jádesọ́lá?"

Fálúyì ní ikọ́ ń yọ òun lẹ́nu. Ó jáde síta.

Ìròyìn kì í pẹ́ kó tó kárí ọjà. Bí ó ti ń kọjá, wọ́n ń pè é: "Bàbá Pọ́mpù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi fìlà yín bóyá òjò á rọ̀ lọ́la!" Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ó jókòó sí iwájú ilé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọkàn rẹ̀ wúwo bí aṣọ tó bọ́ sómi.

Ní ọjọ́ kẹrin, Basile dé, ó ń tẹ ọ̀pá.

"Ẹ kú ilé o."

Fálúyì kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bí o bá fẹ́ kí n jókòó, sọ. Bí o kò bá sì fẹ́, orúnkún ń dùn mí, n ó jókòó náà ni."

"O wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ pọ̀ lọ́jà, Fálúyì. Bí mo bá fẹ́ ìyẹn, n kò ní rìn dé ìhín."

Basile jókòó. Adìyẹ kan kọjá láàárín wọn. Lẹ́yìn náà Fálúyì la ẹnu, ó sì pe orúkọ tí kò pè fún ọdún mẹ́tàlélógún.

"Basile, ó rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Ó ti rẹ èmi náà rí." Basile gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé o rò pé èmi mọ́? Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé irọ́ lo pa. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan fún ìwọ nìkan, mo sì pa ẹnu mi mọ́. N kò sọ ọ́ fún Raphaël. Mo rí i bí ó ṣe lé obìnrin yẹn jáde, mo ń kan ìṣó lọ. Ó wà lọ́rùn mi títí mo fi gbé e lọ bá Jésù."

"Èwo ni kí n gbé lọ bá a? Ọmọ ti kú."

"Gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi èémí sí ihò imú rẹ ni ìwọ ń fi fìlà bojú fún. Ṣé kò rí ọ ni? Ó rí ọ lábẹ́ fìlà, ó sì fún ọ ní èémí ọ̀la. Fálúyì, wọ́n gbé Jésù kọ́ sórí igi títí èémí fi tán lára rẹ̀. Nítorí ta ni? Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí tèmi ni, nítorí tìrẹ ni, nítorí ọ̀rọ̀ ṣíbí yẹn ni."

Fálúyì bo ojú rẹ̀. Kò sí mànàmáná, kò sí ohùn láti òkè. Àgbàlagbà kan ló ń sunkún lórí àga, bí ẹni tó ti ru ẹrù láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀ ọ́. Basile di ọwọ́ rẹ̀ mú. Fálúyì gbàdúrà pé: "Jésù, apànìyàn ni mí, òpùrọ́ ni mí. Ewé kò lè wẹ èyí mọ́. Ìwọ ni kí o wẹ̀ mí." Kò mọ àdúrà mìíràn. Èyí tó mọ̀ yẹn tó.

Nígbà tó nu ojú tán, ó béèrè, "Ṣé ó ti tán?"

"Ọlọ́run ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ Jádesọ́lá ṣì wà nínú ẹrẹ̀ níbi tí o jù ú sí."

"Bí Ọlọ́run bá ti dárí jì mí, kí ni mo tún ń wá lọ sí Pobè?"

"Nítorí pé ó ti dárí jì ọ́ ni o fi lè lọ. Kó tó dárí jì ọ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ débẹ̀ rí?"

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ sí Pobè ní àárọ̀. Fálúyì kò gba ẹ̀yìn ọgbà ọ̀pẹ. Ó gba ojú títì. Nínú ọgbà ilé bàbá Jádesọ́lá, obìnrin bíi mẹ́jọ jókòó, wọ́n ń fi òkúta fọ́ ẹ̀kùrọ́, wọ́n sì ń ṣe àwàdà. Nígbà tí wọ́n rí ẹni tó wọlé, àwàdà dá. Òkúta nìkan ló ń dún.

Jádesọ́lá dìde. Irun rẹ̀ ti funfun. Kó tó di pé Fálúyì la ẹnu, obìnrin náà ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó jẹ̀bi.

"Bàbá, ẹ má bínú. Bí ọ̀rọ̀ ṣíbí yẹn lẹ tún bá wá, mo fọ̀ ọ́. Mo fi eérú fọ̀ ọ́. Àfi bí ó bá ṣẹ́ kù díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí n kò rí. Ojoojúmọ́ ni mo ń rò ó. Mo rò pé mo fọ̀ ọ́, Bàbá."

Fálúyì kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ó rò pé obìnrin náà mọ̀ pé irọ́ ni. Kò mọ̀ pé ó gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyá yìí ti ń fọ ṣíbí kan ṣoṣo nínú ọkàn rẹ̀, tí kò sì mọ́.

Ìwọ tí ń ka ìwé pélébé yìí, dúró níbí ná. Ìwọ náà ní fìlà tí o fi bo nǹkan. Bóyá kì í ṣe pọ́mpù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bóyá ọmọ tí o kọ̀ ni, ilẹ̀ tí o gbà, ọ̀rẹ́ tí o kò kí mọ́ nítorí pé ó sọ òtítọ́ fún ọ. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń ru ẹ̀bi tó jẹ́ tìrẹ. Ìwọ ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn, o sì mọ̀ pé ọ̀nà náà jìn. Ṣé kò tíì rẹ̀ ọ́ ni? Má sọ pé ó di ọ̀la. Hermann kò rí ọ̀la. Èémí tó wà ní imú rẹ báyìí, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ohun ìní rẹ, bí Ẹni tó fún ọ bá sì dá a dúró, kò sí ewé, kò sí pọ́mpù. Jésù kò retí kí o kọ́kọ́ sàn kí o tó wá. Wá bí o ti rí, wá lónìí, níbi tí o jókòó sí yìí. Pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà dìde, kí o gba ojú títì lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, kí o sì sọ ọ́ sókè bí Fálúyì ti sọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìmí há mọ́ Fálúyì níwájú obìnrin tó kúnlẹ̀ yẹn. Ó ṣí fìlà, ó yọ pọ́mpù lójú gbogbo wọn, ó fà á, ó dúró kí àyà rẹ̀ tú. Àwọn obìnrin gbé òkúta wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀kùrọ́, àgbàlagbà ọkùnrin, ó sì gbé ohùn sókè kí ará ilé kejì lè gbọ́:

"Jádesọ́lá, ṣíbí rẹ mọ́. Ọmọ rẹ kò jẹ ilá. Mo ní kí o sọ pọ́mpù rẹ̀ nù, tèmi sì wà nínú fìlà mi. Èmi ni. Èmi Fálúyì ni mo pa á."